Ojú A Máa Ṣáájú Ọwọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Tápà

Ní kọ́lẹ́jì tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, kò sí ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń sá fún tó àwòrán yíyà. Ẹni tí ìṣirò kò dẹ́rù bà, bí ẹ bá fi ẹfun ìkọ̀wé lé e lọ́wọ́ pé kí ó ya ewúrẹ́, òógùn ni yóò bò ó. “A kò dá a mọ́ mi,” ni wọn yóò wí.

A kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àwa náà ti ya ewúrẹ́ rí, tí gbogbo ọmọ kíláàsì fi ohùn kan pè é ní ajá. Ó pẹ́ kí a tó tún ya ohun tí ó ní ẹsẹ̀. Igbá ni à ń yà, àti ọsàn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn Àìná Ọnàbólú wò, ẹni tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ilé-ìwé, àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ni ó ń tẹjú mọ́, tí ó sì ń dà kọ. Ó dàgbà, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, kò fi í sílẹ̀. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí a ń mẹ́nu bà títí di òní. Síbẹ̀, ọdún 1920 ni ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà St John’s Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 38 ni nígbà náà. Ẹ ka ọdún tí ó wà láàárín: 14.

Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọjá òye ènìyàn dúdú. Nítorí náà, iyèméjì kì í fi gbogbo ìgbà hù fúnra rẹ̀ nínú ọmọ; ẹlòmíràn a máa gbìn ín. Ó sì dùn wá pé àwa òbí náà ń gbìn ín lónìí: “Ṣé àwòrán ni ìwọ yóò jẹ?” Àwa tí àwọn ìyá wa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára adìrẹ!

Nígbà tí Ọnàbólú padà dé ní 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ilé-ìwé Èkó. Ó tẹnu mọ́ bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Mr. Perspective. Ẹ dúró létí oko iṣu, kí ẹ wo poro ebè bí wọ́n ti ń sún mọ́ ara wọn lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Wọn kò sún mọ́ ara wọn. Ojú ni ó rí i bẹ́ẹ̀. Òfin ni, òfin sì ṣe é kọ́.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í kórìíra iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò tíì rí àṣìṣe. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, tí yóò fẹ́ fa ìwé ya. Ọwọ́ rẹ̀ kò bàjẹ́ sí i. Ojú rẹ̀ ni ó ti lọ ṣáájú, ọwọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ tí ń kọ́ igbá fínfín mọ ìlà ọ̀gá rẹ̀ yàtọ̀ kí ọ̀bẹ tirẹ̀ tó lè fà á.

Nítorí náà a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ya ọwọ́ òsì ara wọn lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n má sì fa ọ̀kankan ya. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó ti pinnu láti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ní òpin sáà, ó tẹ́ ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn sórí tábìlì, ó wò wọ́n títí, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó bi wá bí a bá ṣì ní ìwé tí kò ní ìlà.