Táyà Yìnyín Lórí Ọ̀dà Ìbàdàn

Ẹ̀yin awakọ̀ wa ní Oníyanrìn, Bẹẹrẹ àti Mápó, bí ẹ bá fẹ́ ra táyà tọ́kùnbọ̀ fún jíìpù yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán òkè olórí ṣóńṣó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀, táyà tí wọ́n ṣe kó lè rìn nínú yìnyín nìyẹn. Irú àwọn ará Jámánì àti Kánádà ni wọ́n ṣe é fún.

Níbẹ̀, òtútù máa ń mú kí rọ́bà táyà lásán le gbagidi. Ti yìnyín kì í le. Ojú rẹ̀ jìn kí yìnyín lè kún inú rẹ̀, torí yìnyín ló ń di yìnyín mú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn, rírọ̀ yẹn di wàhálà: táyà á tètè jẹ, ọkọ̀ ò sì ní tètè dúró tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ẹni tó ń gba inú ẹrẹ̀ lọ sóko lásìkò òjò, táyà ẹrẹ̀ gan-an ni kó rà, èyí tí àlàfo ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́. Ariwo rẹ̀ lórí ọ̀dà ńkọ́? Ẹ ò ní gbọ́ rédíò ọkọ̀ yín dáadáa mọ́!

Kí dídán táyà má tàn yín jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí wọ́n bá ti fá a kúrò, ẹ máa bá tiyín lọ.