Ẹ̀rín tí í Kọ́ni àti Ẹ̀rín tí í Léni

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ bíbí ìlú wa, bá Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú sọ níbi Ìpàdé Gbogboogbò Ọdọọdún)

  

Akọ̀wé wa ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí yóò dá yín lára yá díẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn Akápò, nítorí ìròyìn owó kì í sábà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nítorí náà, mo mú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere wá, àwọn tí wọ́n fi ilé baba wọn sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú, àti àwọn ohun ẹ̀rín tí ó bá wọn níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rẹ́rìn-ín bí ó ti wù yín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ yín.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ka ìwé débi pé ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìlú rẹ̀, ní ọjọ́ tí ó bá gúnlẹ̀ sí ìlú àjèjì, ó tún di ọmọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò mọ bí a ti í kíni, kò mọ bí a ti í bèèrè omi, ọmọ ọdún mẹ́rin sì gbọ́n jù ú lọ nínú ọjà.

Àwa tí a bí sínú èdè Yorùbá kò mọ ìyà tí ó wà nínú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko. Ọkọ ni baálé tí ó ni aya. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀kọ̀ sì ni ohun ìjà àwọn jagunjagun ayé àtijọ́. Etí àlejò ka gbogbo wọn sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó kan ń ṣiṣẹ́ ajíhìnrere ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Kò tí ì ní ọkọ. Ní ọjọ́ kan ó pẹ́ dé ìpàdé àwọn ìyá, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú. Ọkọ mi bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo tì í, mo tì í, kò lọ. Mo bá fi í sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbó."

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní: "Ọmọ mi, nígbà wo lo lọ́kọ tí a kò gbọ́? Bí ọkọ bá sì bàjẹ́, a kì í fi í sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbó. Ẹ̀bẹ̀ ni a ń bẹ̀ ẹ́." Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìyá àgbà náà ṣe. Ó fa ọmọbìnrin náà mọ́ra, ó ní kí ó máa wo ẹnu òun, ó sì ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń lu ìlù: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Gbogbo ìpàdé ń gbè é. Kí ọdún tó yípo, ọmọbìnrin náà ti ń ná ọjà láìsí ògbifọ̀.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn láti máa pa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin àlejò kan ń gbọ́ "Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn" kiri àdúgbò. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, ó wo "kú", ó sì rí i pé ohun tí ẹni tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀ ṣe ni. Ẹ̀rù bà á. Ó bi ọmọ ilé rẹ̀ léèrè ohun tí òun fi ṣẹ ìlú náà, tí wọ́n fi ń ní kí òun kú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ti ń wí i.

Àṣìṣe mìíràn kò sí lẹ́nu rárá, nínú ìwà ni ó wà. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnìkan bá bá wa nídìí oúnjẹ, a ó ní, "Ẹ wá jẹun," òun náà a sì dáhùn pé, "Á gba ibi ire," a ó sì máa bá oúnjẹ wa lọ. Àlejò tí kò mọ̀, jíjókòó ni í jókòó. Ó wẹ ọwọ́, ó bá baálé fọ́ òkèlè, ó tún mú ẹran tí baálé ti fi ojú sí láti àárọ̀. Àlejò mìíràn rí ọmọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó rò pé ó ṣubú ni, ó sì sáré gbé e dìde, ó ń bi í bóyá ó fara pa. Òmíràn fi ọwọ́ òsì na ẹ̀bùn sí ọba, ó sì ń dúró de ọpẹ́. Kò sí ìwà búburú nínú gbogbo wọn. Wọ́n gbé òfin ilé wọn wá sí ilé wa ni, bí àwa náà ti máa ń gbé tiwa dé ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú sí ìtàn tí a kọ sílẹ̀. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè Odò Ọya. Ajíhìnrere kan tí ó jẹ́ ará Jámánì, James Frederick Schön, wà nínú wọn. Samuel Àjàyí Crowther, tí a kò tí ì fi joyè àlùfáà nígbà náà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Schön ti kọ́ èdè Ígbò lẹ́nu àwọn Ígbò tí ń gbé Freetown ní Sàró. Nígbà tí wọ́n dé ìlú Aboh, ó ka ọ̀rọ̀ jáde ní èdè Ígbò níwájú ọba. Ẹnu kọ́kọ́ ya ọba pé òyìnbó ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi sú u, nítorí Ígbò tí a ń sọ ní Freetown kò bá ti Aboh mu. Ó dà bí ẹni tí ó kọ́ Yorùbá lẹ́nu ará Ìjẹ̀bú, tí ó wá fi ń wàásù fún ará Àkókó. Ọ̀ràn náà mú Schön rẹ̀wẹ̀sì. Ó kọ ojú sí èdè Haúsá, ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Haúsá jáde ní 1876. Bẹ́ẹ̀ ni èdè kan ṣe pàdánù akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí èkejì sì jèrè rẹ̀.

Ti Thomas Jefferson Bowen yàtọ̀. Ará Georgia ní Amẹ́ríkà ni. Ó dé Bàdágìrì ní 1850, ó gbé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé a tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Ní 1860 wọ́n rán an lọ sí Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọmọ Yorùbá pàdé lóko ẹrú, ó sì bá wọn sọ èdè wọn. Ẹ fi ojú inú wò ó, ẹ̀yin ènìyàn wa: ènìyàn wà nínú ìgbèkùn, òkun pín òun àti ilé níyà, òyìnbó kan wá ya ẹnu, Yorùbá ló jáde! Inú àwọn aláṣẹ kò dùn sí i. Wọ́n fura sí òyìnbó tí ń bá ẹrú sọ èdè tí olówó ẹrú kò gbọ́, ìrántí ọ̀tẹ̀ 1835 ní Bahia, nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá jà, kò sì tí ì kúrò lọ́kàn wọn. Bowen padà sí Amẹ́ríkà ní 1861, nítorí ara rẹ̀ kò le. Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń jìyà àìgbọ́ èdè, gbígbọ́ tí ó gbọ́ ni ó kó o sí wàhálà.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti Crowther fúnra rẹ̀. Òṣogùn ni a ti kó o lẹ́rú ní 1821, nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọdé. Ó gbé Sàró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, lẹ́yìn tí ó ti di àlùfáà, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ènìyàn wa tí a já gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè abínibí òun, ó dà bí ẹni pé òun jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó ti tẹ ìwé lórí èdè Yorùbá jáde ní 1843 ni ó sọ bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó súre fún wọn tán, gbogbo ilé ìsìn hó, wọ́n ní, "Kí ó ṣẹ!" Ìdáhùn yẹn wà lára ohun tí ó gbé ọkàn rẹ̀ ró.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni ó kù báyìí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn ọ̀dọ́ àlejò tí mo ń sọ yìí ti wà nínú agbo ilé wa. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Houston, àti sí Èkó pàápàá, ni. Ní àsìkò Kérésì kan láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 kan ti ìlú òyìnbó wálé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú ni ó ti ń kọ́ ìkíni tí yóò fi kí ìyá baba rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ dáadáa níwájú gbogbo ẹbí. Ó fẹ́ wí pé, "Ẹ kú ilé, Màmá." Ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ kú nílé, Màmá."

Ìyá àgbà náà kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Àmín, ọmọ mi. Ilé ni n ó kú sí. N kò ní kú sí ìdálẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbá a mọ́ra. Àṣìsọ di àdúrà.

Ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò baba rẹ̀ ti gbé e. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó lò, "Ẹ kú nílé" ni wọ́n fi ń pè é. Bí ó bá jáde lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, wọ́n á ní, "Ẹ kú nílé ń bọ̀ o!" Àwọn àgbàlagbà gbọ́, wọ́n sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò tún sọ Yorùbá mọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Ìyá àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lálaalẹ́ ni àwọn méjèèjì ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀kan ń di irun fún èkejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀rín méjì ni ẹ rí yẹn. Ẹ̀rín ìyá àgbà ń kọ́ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rín àwọn ìyá tí wọ́n kọ́ ọmọbìnrin òyìnbó ní ọkọ àti ọkọ̀. Ẹ̀rín kejì ń léni. Ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn, bí ó bá ṣubú, "pẹ̀lẹ́" ni a ń kí i. A kì í kó ìlù jáde. Báwo ni a ó ṣe ní sùúrù fún àjèjì tí ó wá láti òkè òkun, tí a kò sì ní ní in fún ọmọ tí a fi ẹnu ara wa sọ lórúkọ?

Mo mọ̀ pé ẹ̀bi kò sí lára ará ilé nìkan. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ọ̀sẹ̀ méjì Kérésì kò tó láti fi kọ́ èdè. Ẹ fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ nínú ilé yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bèèrè oúnjẹ ní Yorùbá kí ẹ tó bù ú fún un. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.

Mo sì fi nǹkan mẹ́ta síwájú Ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí a ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà Kérésì, kí àwọn ọmọ tí ó wálé jókòó ti àwọn àgbà fún àlọ́ àti òwe, kí ó sì jẹ́ èèwọ̀ láti fi àṣìsọ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka wa ní ẹ̀yìn odi máa fún ọ̀dọ́ kan láyè ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kódà bí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ̀kẹta, kí ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá fi ọwọ́ ara wọn kọ. Bí ẹ bá gbà, èmi yóò máa bá wọn tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ wọ̀nyí nílò ẹnu wa; àwa náà yóò nílò ọwọ́ wọn, nítorí nígbà tí àwa bá lọ tán, àwọn ni yóò máa pe ìpàdé yìí. Bí wọn kò bá gbọ́ èdè ìlú, kí ni wọn yóò wá ṣe níbẹ̀?

 Ìlú wa kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lórí. Àṣẹ.