Bí Àwọn Oníyóógà Íńdíà Ṣe Ń Ṣe Ìpinnu

Ọ̀rọ̀ ìpinnu ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ìpinnu kò ṣòro láti ṣe. Ní alẹ́ ìparí ọdún, ta ni kì í ṣe é? Ọ̀kan ní òun kò ní fa sìgá mọ́. Èkejì ní òun kò ní fi ìbínú na ọmọ mọ́. Ẹ̀kẹta ní òun yóò máa wá sí kíláàsì láìpa ọjọ́ kan jẹ. Kí oṣù kejì tó dé, ìpinnu ti di àwátì. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Àárín ariwo ni wọ́n ti sọ ọ́, nígbà tí ọkàn ń sáré kiri. Ọ̀rọ̀ náà kò rí ibi jókòó sí.

Àwọn ará Íńdíà ti ronú lórí èyí tipẹ́tipẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni yóógà ti wá. Ẹlòmíràn gbọ́ yóógà, ó rò pé kí ènìyàn ká ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn ni. Ó tì o. Ara, èémí àti ọkàn ni yóógà ń tọ́jú pọ̀. Ìwé Patanjali lórí yóógà, tí ó ti lé ní 1,500 ọdún, sọ ọ́ pé kí ọkàn tí ń rú bí omi lè tòrò ni a ṣe ń ṣe é.

Ní èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ náà, sankalpa ni wọ́n ń pe ìpinnu. Ó ti wà nínú ìsìn Híńdù tipẹ́. Kí ẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn, á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, á dárúkọ ara rẹ̀, á sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ àti ibi tí ó wà, á sọ ohun tí ó torí rẹ̀ wá, lẹ́yìn náà á da omi náà sílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí "bóyá" níbẹ̀. Orúkọ, ọjọ́, ibi, iṣẹ́: bí ìwé àdéhùn gan-an.

Swami Satyananda Saraswati (1923–2009), ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ yóógà sílẹ̀ ní Munger létí odò Gáńjíìsì, fi sankalpa sínú ẹ̀kọ́ kan tí à ń pè ní yoga nidra, èyíinì ni oorun yóógà. Ara ni ó ń sùn níbẹ̀. Ọkàn kò sùn.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ tẹ́ ẹní síbi tí kò sí ariwo. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ di ojú. (Ìdùbúlẹ̀ òkú ni wọ́n ń pe èyí ní Íńdíà. Kí ó má bà yín lẹ́rù. A ó dìde.) Ẹ sọ ìpinnu yín nínú ọkàn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọkàn máa rìn yí ara ká: àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ìka kejì, ìka kẹta, títí dé èjìká, títí dé ẹsẹ̀, kí ó tó bọ́ sí apá òsì. Ẹ wá máa ka èémí yín sẹ́yìn, láti 27 dé 1. Bí ẹ bá ṣì í kà, ẹ padà sí 27. Kò sí ẹni tí yóò nà yín. Nígbà tí ara bá ti dẹ̀, ẹ tún ìpinnu náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ rọra jókòó. Satyananda a máa fi ìpinnu wé irúgbìn. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ṣáà mọ̀ pé a kì í gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Gbólóhùn tí a ó sọ yẹn ni ó gba ìrònú. Kí ó kúrú. Kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Kí ó sọ ohun tí a fẹ́, kì í ṣe ohun tí a ń sá fún. Bí bàbá kan bá ń sọ ní alaalẹ́ pé, "N kò ní mu ẹmu mọ́," ẹmu náà ni yóò máa rí. Agbè á dúró gbọin níwájú rẹ̀! Kí ó kúkú bi ara rẹ̀ pé, kí ni mo fẹ́ gan-an? Bóyá ohun tí ó ń fẹ́ ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sáré wá pàdé rẹ̀ bí ó bá dé, dípò kí wọ́n máa sá pamọ́. Ó lè wá sọ pé, "Mo ń wọ ilé mi pẹ̀lú ojú tí ó dá." Ẹ gbọ́ bí ó ti sọ ọ́, bí ohun tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹní pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀kan náà ni, títí yóò fi ṣẹ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kò ní gbé agbè kúrò nílé. Ẹni tí ó sọ ọ́ lálẹ́, kí ó gba ọ̀nà mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí ó má gba iwájú ilé ẹlẹ́mu. Patanjali pàápàá ní ohun tí a bá ń ṣe pẹ́, tí a kò dá dúró, ni ó ń fìdí múlẹ̀.

Àwa fi ohun kan kún un fúnra wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tẹ́lẹ̀ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Kò pọn dandan kí ẹlòmíràn rí i.

Ṣé onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí lè ṣe é? A kò ní fi bò fún yín: inú ìsìn Híńdù ni ó ti ṣẹ̀, àwọn aṣáájú ìsìn kan kò sì fẹ́ ẹ rárá. Lójú tiwa, èémí kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè fi àdúrà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí èyí pa oògùn dókítà tì. Kí aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀.

Bí oorun bá gbé yín lọ ńkọ́? Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó ti oko dé. Kí ó jókòó, kí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, tàbí kí ó ṣe é ní ìdájí kí àwọn ọmọ tó jí.