Sìlíńdà Kan Tí Kò Ṣiṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Wá A Rí Kí A Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn awakọ̀ nìkan ni ó kàn. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ná Ajégúnlẹ̀ sí Àpápá kì í ṣe ti ẹni tí ń wà á. Ẹni tí ó ni ín lè jẹ́ àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ ní ìgbèríko, tí ó fi owó kòkó tàbí owó àjọ rà á, tí ó sì ń retí ohun tí awakọ̀ yóò fi ránṣẹ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ lè tán díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ń pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Àmì àìsàn náà kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ dúró sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú ọ̀nà èbúté Àpápá, láàárín àwọn tírélà. Awakọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ tó sáré, síbẹ̀ gbogbo ara ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, sálẹ́ńsà sì ń tú èéfín jáde pẹ̀lú ìró tí kò dọ́gba. Nígbà tí ọ̀nà bá là tí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìgbọ̀nrìrì náà á dínkù, awakọ̀ á sì rò pé ara rẹ̀ ti dá. Kò tíì dá.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké ni ó ní sìlíńdà mẹ́rin. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni písítìnì ti ń lọ sókè sódò: á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á tẹ̀ wọ́n pọ̀, pulọ́ọ̀gì á ṣáná sí wọn, wọn á gbiná, písítìnì á sì ti èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan á ti gbiná ní ìgbà 350. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí obìnrin mẹ́rin ṣe ń gún iyán nínú odó kan mọ bí ìró wọn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé ọmọ odó rẹ̀ dúró, ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé pàápàá yóò mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀.

Bí a bá wá fẹ́ mọ èwo nínú wọn ni kò gún, kí a ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó dáwọ́ dúró tí ìró odó sì yí padà, òun ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó dáwọ́ dúró tí ìró kò yàtọ̀, òun ni kò gún láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì.

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, irú Volkswagen tí ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ọdún 1975, wáyà pulọ́ọ̀gì ni a ń yọ. A ó kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, a ó yọ wáyà kan, a ó fi orí rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí a tó tún tan án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán dì í mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń gba Àpápá àti Tin Can Island wọlé, bíi Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni ó ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí. Ohun tí ó dára jù níbẹ̀ ni kí a yọ wáyà kékeré tí ó wọ nọ́súlù tí ń tú epo sí sìlíńdà náà, kí epo tí kò jó má baà máa ṣàn lọ sínú sálẹ́ńsà nígbà tí a ń dán an wò.

Ìjọba Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a ń tà lọ́hùn-ún, láti orí ti ọdún 1996, ní ojúhò kan lábẹ́ stíà, níbi tí a ti lè fi ẹ̀rọ ka àìsàn wọn. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0302, sìlíńdà kejì ni ó ń tọ́ka sí. P0304 jẹ́ ti ẹ̀kẹrin. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ náà sọ ilé tí àìsàn wà. Kò sọ ẹni tí ń ṣàìsàn nínú ilé. Mẹkáníìkì tí ó rí P0302 tí ó sì ní kí ọlọ́kọ̀ ra kọ́ìlì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì ṣe àyẹ̀wò kankan.

Àyẹ̀wò tí ó kàn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a gbé kọ́ìlì sìlíńdà kejì lọ sórí ẹ̀kẹta, kí a gbé ti ẹ̀kẹta wá sórí èkejì, kí a sì tan ọkọ̀. Bí àìsàn bá ṣí lọ sí ẹ̀kẹta, kọ́ìlì ni ó bàjẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni a ó sì rà. Bí kò bá kúrò lójú kan, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún pulọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà nọ́súlù. Ohun kan ni kí a máa gbé lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá gbé kọ́ìlì àti pulọ́ọ̀gì pọ̀, a kò ní mọ èwo nínú wọn ni ó jẹ̀bi.

Pulọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ ní ẹnu. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń pọ́n bíi yẹ̀pẹ̀. Bí ó bá rin fún epo bẹntiróòlù, kò ṣáná. Bí ó bá rin fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń jò wọ inú sìlíńdà. Kí a sì wo inú ihò tí a ti fà á yọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi máa ń dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi omi fọ ẹ́ńjìnnì, tàbí tí ọkọ̀ bá la àgbàrá kọjá, ohun tí kò ṣọ̀wọ́n ní Ajégúnlẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Ọ́ìlì náà lè jò sínú ihò yìí láti ara gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì. Bí a kò bá dí ojú ibi tí ó ti ń jò, kọ́ìlì tuntun yóò kú bí ti àkọ́kọ́ ti kú.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ó ku kí a wọn bí sìlíńdà ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́. Bí ti ọ̀kan bá rẹlẹ̀ púpọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a da ọ́ìlì díẹ̀, ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan, sínú rẹ̀, kí a tún wọ̀n ọ́n. Bí agbára rẹ̀ bá gòkè, òrùka písítìnì ni ó jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni ó ṣeé ṣe jù. Bí omi radiétọ̀ bá ń dínkù láìsí ibi tí ó ń jò, tí èéfín funfun sì ń jáde, kí a fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kó gbà fún mẹkáníìkì láti tú ẹ́ńjìnnì kí ó tó wọ̀n ọ́n.

A kò sì gbọdọ̀ pa epo burúkú mọ́ àìsàn sìlíńdà kan. Ní Oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ ju ìwọ̀n tí ó yẹ lọ nínú epo bẹntiróòlù kan tí a kó wọ Nàìjíríà. Epo bẹ́ẹ̀ kì í mọ sìlíńdà kan yàtọ̀ sí èkejì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ń mu ún. Bí ẹ̀rọ bá kọ P0300, tí ìgbọ̀nrìrì sì bẹ̀rẹ̀ kété tí a kúrò ní ilé epo, inú táǹkì ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ó ku ewu kan. Bí iná ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú awakọ̀ bá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn lásán, epo tí kò jó ń lọ sínú sálẹ́ńsà, ó ń gbóná níbẹ̀ débi pé ó lè ba àpótí tí ń fọ èéfín jẹ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Kí awakọ̀ já èrò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì dúró níbẹ̀. Owó tí yóò pàdánù lọ́jọ́ náà kò tó èyí tí àpótí yẹn yóò ná ọlọ́kọ̀.

Nígbà tí awakọ̀ bá sì pe ọlọ́kọ̀ lórí fóònù láti béèrè owó, kí ọlọ́kọ̀ bi í pé: sìlíńdà wo ni? Nígbà tí wọ́n gbé kọ́ìlì rẹ̀ sí ibòmíràn, ǹjẹ́ àìsàn náà tẹ̀lé e? Báwo ni ojú pulọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣe rí? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó ní kí wọ́n lọ dán an wò ná, kí wọ́n sì tó pè é padà. Iṣẹ́ náà kò gbà ju wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀ irú Corolla tí a dárúkọ lókè.