Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Bá Rọ́ Lórí Pápá

Ohun tí a ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìpalára tí ó máa ń bá àwọn tí ń ṣeré ìdárayá, àti bí ó ti yẹ kí a tọ́jú rẹ̀. Kí n tó kọ́ yín, ó yẹ kí n jẹ́wọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mo ń bójú tó àwọn ọmọkùnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní àgbàlá ìjọ wa. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn ki ẹsẹ̀ bọ ihò, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí. Kíá ni mo ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá. Mo fi omi náà jó ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi òróró ra á, mo fà á tagbáratagbára, mo sì fi aṣọ dì í pinpin. Ọmọ náà ń ké. Mo ní kí ó ṣe bí ọkùnrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, wọ́n ti ń dúdú, kò sì mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyá rẹ̀ ni ó tú aṣọ náà, tí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Egungun ni ó dá. Ẹsẹ̀ náà yè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n tèmi ni ó yọ ọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fi agbára mú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń tọ́jú. Èdè wa ti là á fún wa: ẹsẹ̀ a máa rọ́, oríkèé a máa yẹ̀, egungun a sì máa dá. Níbi tí egungun bá ti pàdé egungun, okùn iṣan líle ni ó so wọ́n pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yí ju bí ó ti yẹ lọ, okùn yìí a nà jù, tàbí kí ó já. Nígbà náà ni a ń wí pé ẹsẹ̀ rọ́. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí àtẹ́lẹsẹ̀ yí sínú, kí okùn tí ó wà ní ìhà òde ọrùn-ẹsẹ̀ sì fara pa. Bí orí egungun bá kúrò ní ipò rẹ̀, ó yẹ̀ nìyẹn. Bí egungun fúnra rẹ̀ bá sán, ó dá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń wú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ń dunni. Nítorí náà ni ojú lásán fi ń tan ènìyàn jẹ.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó yẹ kí a gbé lọ fún àyẹ̀wò? Ní ọdún 1992, àwọn dókítà kan ní Ottawa, ní ilẹ̀ Kánádà, gbé ìlànà kan jáde tí ó rọrùn. Ẹ rọra fi ìka tẹ ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ kókósẹ̀ méjèèjì, ti inú àti ti òde. Ẹ tẹ egungun ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ní ìhà ọmọ ìka kékeré, àti èyí tí ó wà lókè ihò àtẹ́lẹsẹ̀ ní ìhà inú. Bí egungun fúnra rẹ̀ bá ń dùn ún, tàbí bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rìn ní ìṣísẹ̀ 4, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọ́, tàbí tí egungun yọ síta, ẹ má ṣe dán ohunkóhun wò. Ẹ gbé e lọ bí ó ti wà.

Ní ọdún 1978, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun mẹ́rin ni kí a ṣe: kí a sinmi, kí a fi yìnyín sí i, kí a dì í, kí a sì gbé e sókè. Gbogbo ayé gbà á. Ní ọdún 2014, òun kan náà wí pé yìnyín àti ìsinmi pátápátá lè dá ìwòsàn dúró, nítorí pé wíwú náà wà lára ọ̀nà tí ara fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Kò tijú láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, èmi pẹ̀lú kò sì tijú lónìí.

Nítorí náà, ní ọjọ́ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́, kí ẹni náà kúrò lórí pápá, kí ó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, kí a sì fi aṣọ rírọ̀ dì í níwọ̀nba. Bí ìka bá tutù, tí ó dúdú, tàbí tí ó kú tiiri, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀. Bí ìrora bá pọ̀, ẹ lè fi aṣọ wé yìnyín, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Kò sí omi gbígbóná, kò sí fífà, kò sí rírà. N kò tàbùkù àwọn tí ń to egungun. Wọ́n ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìdè bá le jù, ẹ̀jẹ̀ kì yóò lè kọjá, ẹran ara a sì kú. A ti gé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nítorí èyí.

Lẹ́yìn náà, kí ó má ṣe sùn sílẹ̀ jù. Kí ó máa mi ọrùn-ẹsẹ̀ lọ sókè sódò, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìrora bá ti gbà á láàyè, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ kan dúró lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá sáré padà sí pápá láìṣe èyí, ẹsẹ̀ kan náà ni yóò tún rọ́.

Ti orí yàtọ̀. Bí orí ọmọ bá kọlu orí ẹlòmíràn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí kò rántí iye góòlù tí wọ́n ti gbá, ọpọlọ rẹ̀ ni ó mì. Kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ wí pé ara òun ti yá. Bí ó bá ń bì léraléra, tàbí tí oorun ń kùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ó sàn kí a dènà rẹ̀. Ní Èkó, àwọn olùwádìí mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20, tí ọ̀dọ́mọkùnrin 416 wà nínú wọn. Apá kan kọ́ ìmúra ara tí FIFA gbé kalẹ̀, tí a ń fi sáré, fò, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ kan dúró kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ìpalára láàrin wọn fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ó ń gbà, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ń bẹ̀rù ìbínú yín ni yóò fi ẹsẹ̀ wíwú pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ẹ̀yin olùtọ́jú ẹgbẹ́, bí ọmọ bá ń ké, ẹ má ṣe ní kí ó ṣe bí ọkùnrin. Ẹ dá ọwọ́ dúró, kí ẹ bi í pé, níbo ni ó ń dùn ọ́? Èmi kò bi í ní ọjọ́ náà.