Àìsàn Ọkàn Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Ẹ̀yin ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà tí ó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú àti ìdí tí ó fi ń hu ìwà tí ó ń hù. Sáíkọ́lọ́jì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ó kan àgbẹ̀ tí kò rí oorun sùn nítorí gbèsè. Ó kan ìyá ọmọ tuntun tí ẹkún kò dá lójú rẹ̀. Ó sì kan aya tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbíjàn tí kò rí ìròyìn rẹ̀ gbọ́.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró. Kò há àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn, ìbátan kan sì ń bá aláìsàn gbé láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí àárín àwùjọ.

Ní ọdún 1961, Alexander Leighton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Lambo ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé Yorùbá. Wọ́n rí i pé àìsàn ọkàn pọ̀ jù ní abúlé tí ìṣọ̀kan rẹ̀ ti tú. Kò yani lẹ́nu: ẹni tí a dá nìkan sílẹ̀, tí a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìrònú rẹ̀ a máa dàrú sí i. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n ní ènìyàn laṣọ.

Nítorí náà, bí ará ilé kan kò bá sùn mọ́, tí ó ń sá fún ènìyàn, tàbí tí ó ń dá ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lóhùn, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2023 dá ẹ̀tọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ tẹ́tí sí i, ẹ bá a jẹun, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká.

Òwe ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti bí, a kì í gbé e sọnù.