Èdè Àwọn Ará Ilé àti Èdè Àwọn Aládùúgbò

 

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bẹẹrẹ, ohùn Ìjẹ̀bú ni ìyá mi àgbà fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀, ojú a sì máa tì wá. Nígbà tí ìyá àgbà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ohùn náà sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lónìí, n kò lè sọ gbólóhùn mẹ́wàá ní Ìjẹ̀bú.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ará Ìbàdàn fi ohùn ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó tẹ̀dó sí àyíká Ọjà'ba ní nǹkan bí ọdún 1829. Àdàlù ni wá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí ohùn Ọ̀yọ́ tilẹ̀ borí.

Bí ó ti rí láàárín ìlú ni ó rí láàárín orílẹ̀-èdè. Èdè tí ó wà ní Nàìjíríà lé ní 500. Ní ọdún 1963, Joseph Greenberg, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, pín èdè Áfíríkà sí ẹbí ńlá 4. Ẹbí kan náà ni Yorùbá, Ìgbò àti Ẹ̀dó: ohun tí à ń pè ní ẹ̀ta, atọ ni Ìgbò ń pè é, eha ni Ẹ̀dó ń pè é. Ìgalà àti Ìtsẹkírì tilẹ̀ sún mọ́ wa bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹbí èdè Lárúbáwá ni Haúsá tí à ń gbọ́ ní Sábó láti ọdún 1916: uku ni ẹ̀ta lọ́dọ̀ wọn, shi ni wọ́n ń pe ọkùnrin, ita ni wọ́n ń pe obìnrin, níbi tí àwa ń sọ pé "òun" fún àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ: ọwọ́ Haúsá ni a ti gba ọ̀rọ̀ náà, àlùbọ́sà.

Ẹ̀yin òbí, inú ilé ni èdè ti ń kú, lọ́jọ́ tí ojú bá ti ọmọ láti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ máa fi ohùn ilé pe àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin ará Mápó àti Bẹ́yẹrúnká, bí àlejò bá fi ohùn tirẹ̀ kí yín, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í léèrè bí wọ́n ti ń pe ẹ̀ta nílùú wọn.